Ọ̀rọ̀ Tí Tíṣà Fi Sílẹ̀ Fún Mi

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé. Bàbá mi kú nínú oṣù Ẹrẹ́nà ọdún yẹn. Kí òjò tó rọ̀ dáadáa, wọ́n ti mú mi kúrò ní ìlú wa wá sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Òkè-Àdó. Ilé-ìwé fẹ́ pe àwọn òbí sí ìpàdé. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n tẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, yíǹkì rẹ̀ ṣì tutù, ó ń ràn mọ́ni lọ́wọ́. Nínú ìlà kejì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'your child/ward'. Tíṣà wa jókòó sídìí tábìlì, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fagi lé ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Fún àwọn ẹgbẹ́ mi, 'ward' ló ń fagi lé. Nígbà tó kàn mí, ó wo rẹ́jísítà, ó wo ojú mi, ó gbé rúlà onígi lé ìwé náà, ó sì fa ìlà kan gbọọrọ kọjá lórí 'child'.

Kò ní mi sínú rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì fara balẹ̀ ṣe é. Àmọ́ mo di ìwé náà mú láti ilé-ìwé títí dé ilé, ojú mi kò kúrò lára ìlà yẹn. Mo mọ ohun tí 'child' jẹ́. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ni n kò mọ̀. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbọ́ ọ rí ni ọsibítù, ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ́ bàbá mi sí kó tó kú. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo ní ó ní láti jẹ́ pé nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi orúkọ ibẹ̀ pè mí.

Ìyá Òkè-Àdó kò kàwé. Ó ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun, mo kà á. Ó na ìka sí ibi tí ìlà wà, ó ní, "Kí ni wọ́n fagi lé níbí?" Mo ní, "Ọmọ ni, Màmá." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi há etí ìró rẹ̀. Ó ní kí n lọ jẹun.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí n tó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ẹjọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé ya mí lẹ́nu. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní England kí àwọn Norman tó gba ibẹ̀ lọ́dún 1066, 'weard' ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó dúró lẹ́nu ibodè lóru ni 'weard'. Ẹni tó ń ṣọ́ agbo ẹran ni 'weard'. Ìṣọ́ tó ń ṣe pàápàá, 'weard' ni. Darandaran kan wà tó ń jẹ́ Cædmon, ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Whitby, ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje. Orin ìyìn tí wọ́n ní òun ló kọ ọ́ wà lára ewì tó pẹ́ jù lọ tó ṣẹ́ kù nínú èdè náà, nínú rẹ̀ sì rèé, Ọlọ́run tó dá ayé gan-an ló fi ọ̀rọ̀ yìí pè.

Àwọn onímọ̀ èdè tọpa ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò kan tó jẹ mọ́ kí èèyàn lajú sílẹ̀, kó máa kíyè sí nǹkan. Ibẹ̀ náà ni 'aware' àti 'beware' ti wá. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, ara mi balẹ̀ díẹ̀, torí pé ilé ni mo dé yẹn. Kí ni àwa náà ń sọ? A ń bi ara wa pé ta ló ń wo ọmọ náà. A ń bi ara wa pé ta ló ń wo aláìsàn. Ojú ló wà nínú bójú tó, òun náà ló wà nínú mójú tó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A sì máa ń sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Kò sẹ́ni tó ń rò pé ìran ni igba ènìyàn náà ń wò. Bí àwọn ará England ṣe rò ó nígbà yẹn ni àwa náà ṣe rò ó: ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ohun kan, ojú rẹ̀ ní láti wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bímọ púpọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà káàkiri tí a kò dá wọn mọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni 'lord'. Lónìí, olúwa ni, ọlọ́lá ni, ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ni. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, 'hlafweard' ni, ìyẹn olùṣọ́ búrẹ́dì. Ẹni tí búrẹ́dì ilé wà níkàáwọ́ rẹ̀, tó ń rí i pé kò tán, tó ń bù ú fún olúkúlùkù, òun ni olórí ilé. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ 'hlafæta', ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì. Ìyàwó ilé tó ń po ìyẹ̀fun ló sì di 'lady'. Ẹ fojú inú wo gbogbo ọlá àwọn ìjòyè Lọ́ńdọ̀nù, adé, aṣọ àlàárì, ìjókòó ní ilé ìgbìmọ̀, kí ẹ wá rántí pé orí apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ni wọ́n kọ́ ọ sí.

'Steward' wà nínú wọn, ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Ìdílé kan ní Scotland jẹ oyè yìí láti bàbá dé ọmọ, títí oyè fi di orúkọ wọn. Lọ́dún 1371, ọ̀kan nínú wọn gorí ìtẹ́, ó di Robert Kejì, àwọn ọba Stuart sì bẹ̀rẹ̀. Edward náà wà níbẹ̀, olùṣọ́ ọrọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀; gbogbo Edward tó wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta ń gbé ẹ̀ṣọ́ kan káàkiri nínú orúkọ wọn.

Ọ̀nà mìíràn ni 'guardian' gbà wọlé. Àwọn Frank, tí èdè tiwọn bá ti Gẹ̀ẹ́sì tan, gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Faransé lónìí. Ahọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò gba 'w' ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n bá fi 'gu' sí i. Àwọn Norman tó wà lápá àríwá kò yí i padà ní tiwọn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun England, oríṣi méjèèjì bá wọn wọ̀lú: 'warden' láti ẹnu àwọn ará àríwá, 'guardian' láti ẹnu àwọn yòókù. Ìbejì ni wọ́n, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti tọ́ wọn. Lónìí, èyí àkọ́kọ́ ń ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, èkejì ń buwọ́ lu káàdì èsì ìdánwò.

Báwo wá ni orúkọ olùṣọ́ ṣe di orúkọ ẹni tí à ń ṣọ́? Ilẹ̀ ló fà á.

Lábẹ́ òfin tí àwọn Norman gbé kalẹ̀, ọba ló ni gbogbo ilẹ̀. Àwọn ìjòyè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ogun ni wọ́n sì fi ń san án. Bí irú ìjòyè bẹ́ẹ̀ bá kú, tí àrólé rẹ̀ ọkùnrin kò tíì pé ọmọ ọdún 21, ta ni yóò gbé idà? Onílẹ̀, yálà ọba fúnra rẹ̀ tàbí ìjòyè ńlá, yóò gba ilẹ̀ náà padà, yóò máa jẹ èrè orí rẹ̀ títí ọmọ yóò fi dàgbà. Yóò gba ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí ọmọ náà yóò fẹ́, tirẹ̀ ni. Wọ́n á ní ọmọ náà wà 'in ward', ó wà nínú ìṣọ́. Nígbà tí yóò fi di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìṣọ́ náà ti lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, ó ti di orúkọ rẹ̀. Olùṣọ́ ń ṣọ́ ilẹ̀, ó ń ṣọ́ owó orí ilẹ̀. Ọmọ wà níbẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wà lára àpótí.

Wọ́n a sì máa tà á. Ẹni tí ọba bá fún ní ìṣọ́ ọmọ kan lè tà á fún ẹlòmíràn, kí ìyẹn náà tún un tà. Opó tó lóyún ọmọ fún oṣù mẹ́sàn-án a máa wá owó kiri láti ra ìṣọ́ ọmọ tirẹ̀ padà. Nígbà tí àwọn ìjòyè fi agbára mú Ọba John lọ́dún 1215, tí wọ́n ní kó fi èdìdì lu ìwé àdéhùn ńlá tí wọ́n ń pè ní Magna Carta, àwọn àrólé tó wà nínú ìṣọ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Wọ́n ní olùtọ́jú ilẹ̀ ọmọ kò gbọdọ̀ gba ju èrè tó bójú mu lọ. Kò gbọdọ̀ run èèyàn tàbí ohun ìní tó wà lórí rẹ̀. Kó tún ilé ṣe, kó tún adágún ẹja àti ọlọ ṣe, bí ọmọ bá sì dàgbà, kó dá ilẹ̀ padà fún un pẹ̀lú ohun èlò ìtúlẹ̀ tó pé. Níbi tí òfin bá ti dárúkọ adágún ẹja àti ohun ìtúlẹ̀ báyẹn, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti dàgbà, tí wọ́n dé orí ilẹ̀ bàbá wọn, tí wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Àmọ́ òwò náà kò tán. Lọ́dún 1540, Henry Kẹjọ dá ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ fún un, Court of Wards, kí owó lè máa wọlé geere. William Cecil, ọwọ́ ọ̀tún Ọbabìnrin Elizabeth, ló ṣe olórí rẹ̀ láti 1561 títí ó fi kú lọ́dún 1598. Lọ́dún 1562, bàbá ọmọ ìjòyè kan tó ń jẹ́ Edward de Vere kú, ọmọ ọdún méjìlá sì ni Edward. Wọ́n kó o lọ sí ilé Cecil ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di ọmọ inú ìṣọ́, ó sì di Earl Oxford. Lọ́dún 1571 ó fẹ́ Anne, ọmọbìnrin Cecil. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ di àna ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ìgbéyàwó náà kò sì fún ọmọbìnrin yẹn láyọ̀. Ó di ọdún 1660 kí òfin tó pa ìṣọ́ onílẹ̀ yìí rẹ́ pátápátá.

Òfin 1660 kan náà fún bàbá lágbára láti fi ìwé ìhágún yan alágbàtọ́ fún ọmọ rẹ̀. Kò fún ìyá ní ohun kan. Ó tó ọdún 1839, lẹ́yìn tí ọkọ Caroline Norton kó àwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́ta sá fún un, tí obìnrin náà sì kọ̀wé títí àwọn aṣòfin fi gbọ́, kí ìyá tó lè bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje wà lọ́dọ̀ òun. Ọdún 1925 ni òfin wọn wá sọ ọ́ gbangba pé ire ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ wò. Ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sára ọmọ nìyẹn.

Mo ní láti sọ ti Àìná níbí, torí ọmọ wa ni. Ní Òkè-Ọ̀dàn, nílẹ̀ Yewa, ni wọ́n ti bí i. Lọ́dún 1848 àwọn ọmọ ogun Dàhòmè pa ìlú náà run, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rú lọ sọ́dọ̀ Ọba Gẹ̀zò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan láti England, Frederick Forbes, dé ààfin Gẹ̀zò, ó sì rọ̀ ọ́ títí tó fi yọ̀ǹda ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: orúkọ tirẹ̀ ni Forbes, orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ni Bonetta. Nínú oṣù Bélú 1850 wọ́n mú un lọ bá Ọbabìnrin ní Windsor. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ lónìí a máa pè é ní 'ward' Ọbabìnrin, a máa pè é ní ọmọ ìrìbọmi rẹ̀. Ọbabìnrin ló ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí Freetown lọ́dún 1851, wọ́n tún dá a padà lọ́dún 1855, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé Schön ní Kent. Schön yìí ni òun àti Àjàyí Crowther jọ rin ìrìn-àjò Odò Ọya ti 1841. Nínú gbogbo ilé tí ọmọ náà gbé, mo gbà pé ibẹ̀ ló ti fara balẹ̀ jù.

Nígbà náà ni ọkọ dé. James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Ṣàró tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ní òun fẹ́ Àìná. Àìná kọ̀. Lẹ́tà tó kọ nípa rẹ̀ wà títí dòní: ó ní wọ́n ń sọ fún òun pé èèyàn rere ni, pé ìfẹ́ rẹ̀ yóò wọ òun lára bó bá yá, òun sì mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò nílé Schön, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà obìnrin kan ní Brighton kó lè ronú sí i. Lọ́jọ́ 14 oṣù Ògún 1862, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, èrò pọ̀ bí eéṣú.

Mi ò sọ pé Davies burú. Ọkùnrin tó níyì ni ní Èkó, ó wà lára àwọn tó fowó gbé CMS Grammar School dìde lọ́dún 1859. Ohun tí mò ń wò ni pé ó ti pé igba ọdún tí òfin ti gba ẹ̀tọ́ ìgbéyàwó kúrò lọ́wọ́ olùṣọ́. Ọmọ yìí kò nílẹ̀, kò lógún, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè jẹ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń wò ó ló yan ọkọ fún un. Àìná bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Victoria, Ọbabìnrin tún gba ìyẹn náà ní ọmọ ìrìbọmi. Ikọ́ ife ló pa Àìná ní Madeira lọ́dún 1880, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ní èdè tiwa, alágbàtọ́ ni a ń pe ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'guardian'. Ẹ tẹ́tí sí i: ó gbà, ó tọ́. Ohun tí a bá gbà, ọwọ́ ẹnìkan la ti gbà á. Ẹni tó fi sílẹ̀, yálà ó wà láyé tàbí ó ti kú, orúkọ náà kò jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀. Tọ́ tí a sì fi ń sọ pé ọ̀nà tọ́ ni etí mi ń gbọ́ nínú ìdajì kejì rẹ̀. Ọmọ náà ńkọ́? Bí aṣòfin bá gbé wa sórí àga, a lè sọ pé ọmọ àgbàtọ́ ni. Nínú ilé, bí wọ́n bá bi Ìyá Òkè-Àdó pé ta ni mí, "ọmọ mi ni" ló máa ń sọ, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní tiwa mọ́ tónítóní. Àwa la ṣáà ń pa á lówe pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá mi fi oko kòkó sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí gbà á láti bá wa mójú tó o. Nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún tí mo lọ wò ó, wọ́n ti gé kòkó, ilé ló wà níbẹ̀, mi ò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè ka ọ̀rọ̀ adágún ẹja àti ohun ìtúlẹ̀ inú Magna Carta kí ọkàn mi má gbọgbẹ́.

Ohun kan wà tí tíṣà mi kò mọ̀. Nínú òfin, yálà ní England tàbí nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ wa ṣe lọ́dún 2003, ẹnu ilé-ẹjọ́ ni ọmọ ti ń di 'ward'. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ gan-an di olùṣọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè gbé ìgbésẹ̀ ńlá kan lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé adájọ́ gbà. Adájọ́ kankan kò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé obìnrin kan wọ bọ́ọ̀sì wá sí ìlú wa, ó di aṣọ mi sínú báàgì, ó sì mú mi lọ́wọ́ lọ. Bí wọ́n bá ní kí n fi òfin sọ ọ́, n kì í ṣe 'ward' ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́ọ̀mù mìíràn dé. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ wà ní Canada, ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń gbé lọ́dọ̀ mi títí wọn yóò fi rí ìwé rẹ̀ gbà. A tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, òun ló ń kà á fún mi torí mi ò rí gíláàsì mi. Ó dé ibi tí wọ́n kọ 'child/ward' sí, ó dúró. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní ká fagi lé ọ̀kan. Èwo ni èmi?"

Mo sọ ìtàn olùṣọ́ fún un, ẹni tó dúró lẹ́nu ibodè, ẹni tí búrẹ́dì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Mo sọ bí orúkọ ṣe kúrò lára olùṣọ́ tó lọ bá ọmọ. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó wo búrẹ́dì tí a jẹ kù láàárọ̀, ó ní, "Ìyẹn ni pé ẹ̀yin gan-an ni 'ward'."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yọ rúlà nínú báàgì ìwé rẹ̀, ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó sì fa ìlà náà fúnra rẹ̀. Ó wọ́ díẹ̀, torí pé rúlà náà ti kán létí kan.